Ẹ Má Tún Ojú Ìwé Tò Lẹ́yìn Mi

Ẹni kẹta rèé láàárín oṣù yìí tó pè mí ní Ọjọ́bọ̀ pé àwọn fẹ́ kówèé jáde ní Sátidé, "íńdẹ́ẹ̀sì nìkan ló kù." Nìkan! Íńdẹ́ẹ̀sì ni atọ́ka ẹ̀yìn ìwé, tó ń sọ ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà; iṣẹ́ mi nìyẹn. Ní Èkìtì tí a ti ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn láti ilé dé ilé, ó yẹ kí ọ̀mọ̀wé mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ ṣe atọ́ka gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ìwé náà tán.

Wọ́n á ní, "Ṣebí kọ̀ǹpútà á wá a?" Kọ̀ǹpútà lè wá ọ̀rọ̀, kò lè wá ọ̀ràn. Mo ti rí ìtàn ìlú kan tí òǹkọ̀wé fi ojú ìwé mẹ́rin sọ ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, tí kò dárúkọ Kírìjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ogun ọdún mẹ́rìndínlógún" ló ń pè é. Ẹ fi kọ̀ǹpútà wá Kírìjì níbẹ̀, òfo lẹ ó bá. Èmi kọ ọ́ sábẹ́ Kírìjì, mo tún kọ Èkìtìparapọ̀, orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe ogun náà, mo ní "wo Kírìjì", nítorí n kò mọ èyí tó máa wá sí òǹkàwé lọ́kàn. Adó-Èkìtì ńkọ́? Ẹlòmíràn á to nọ́ńbà sí i títí ìlà márùn-ún á fi kún. Ta ló fẹ́ ṣí gbogbo ìyẹn? Èmi á pín in: Ẹ̀wí, ọba ìlú náà, lọ́tọ̀, ọjà Ọba lọ́tọ̀. Ibi tí òǹkọ̀wé kàn ti gba Adó kọjá lọ sí Ìkẹ́rẹ́, n kò kà á sí.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àmì abẹ́ lẹ́tà. Àwọn ọmọ kan wà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lẹ́bàá géètì yunifásítì, tí wọ́n á ṣe atọ́ka fún yín ní owó abọ́ iyán méjì. Wọ́n á ha gbogbo àmì dànù. Ìlú Ọ̀yẹ́, oyè tí wọ́n ń jẹ, òye orí, ọyẹ́ tó ń fẹ́ ní Dìsẹ́ńbà, gbogbo rẹ̀ á di "Oye" kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá sì ṣèèṣì fi àmì sílẹ̀, ẹ̀rọ wọn á lọ kó Ẹ àti Ọ sẹ́yìn Z, lẹ́tà tí a kò tilẹ̀ ní! Lẹ́tà 25 la ní. Ẹ tẹ̀ lé E, Ṣ tẹ̀ lé S, gbogbo G á sì tán pátápátá kí GB tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà gúnnugún ló ṣáájú gbẹ̀du. Ẹ bi ọmọ náà, á ní bó ṣe jáde nìyẹn.

Ìgbà tí ojú ìwé bá ti dúró pátápátá ni kí ẹ gbé ìwé yín wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ṣe atọ́ka ìtàn ìdílé kan ní ìhà Ìkọ̀lé. Mo kìlọ̀ fún ilé ìtẹ̀wé. Wọ́n ní bébà ti wọ́n, ni wọ́n bá dín ìwọ̀n lẹ́tà kù láìsọ fún mi. Ìwé olójú ìwé 212 di 196. Wọn ò sì tún atọ́ka mi ṣe.

Lọ́jọ́ ìkówèéjáde, bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì fi ìka tọ atọ́ka wálẹ̀ títí ó fi kan orúkọ bàbá rẹ̀: 143. Ó ṣí i. Àwòrán kànga ló bá níbẹ̀. Ó padà sí atọ́ka, ó nu dígí ojú rẹ̀, ó tún ṣí 143. Kànga yẹn náà ni. Ó wá yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀:

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n yọ bàbá mi ni?"

Mo kúnlẹ̀ ti àga rẹ̀, mo ń ṣí ìwé padà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi dé 132. Orúkọ tèmi ni wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ atọ́ka yẹn o, kì í ṣe ti ilé ìtẹ̀wé.