Bí Àpò Oúnjẹ Adìyẹ Ṣe Ń Di Kaba Iṣẹ́ Oko

Ẹni tó bá rí àwòrán kaba tí àwọn obìnrin inú oko ń wọ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1930 sí 1955 lè rò pé ẹnì kan ló jókòó tó yàn án pé kó rí bẹ́ẹ̀: apá tí kò dé ìgúnpá, bọ́tìnì láti ọrùn dé ìbàdí, àpò ńlá méjì níwájú, kọ́là tí aṣọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ara kaba. Àpò tí wọ́n fi di oúnjẹ adìyẹ àti ìyẹ̀fun ló pàṣẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, iṣẹ́ oko ló pàṣẹ ìyókù. Bí a bá mọ bí àpò náà ṣe fẹ̀ tó, tí a sì mọ ohun tí obìnrin náà ń fi ọwọ́ ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, ìdí tí wọ́n fi gé kaba náà bẹ́ẹ̀ kò ní ṣòro láti rí.

Inú àgbá onígi ni ìyẹ̀fun ti ń dé ọjà tẹ́lẹ̀, nítorí pé aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ rán kò lè gba ẹrù wúwo láìjá. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló yí i padà. Elias Howe gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí tirẹ̀ ní 1846, nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì tàn kálẹ̀, àpò aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò àgbá. Òwú ni, funfun, wọ́n a sì tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ sí i lára gàdàgbà. Àwọn obìnrin oko kò jẹ́ kó ṣòfò. Wọ́n ń fi rán àwọ̀tẹ́lẹ̀, aṣọ ìnuwọ́, ìlédìí ọmọ. Àwọn tó ń lọ ìyẹ̀fun náà rí i pé ohun tó wà lóde àpò ń ta ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní 1924, Asa Bales béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí àpò tí wọ́n fi aṣọ onígun mẹ́rin-mẹ́rin rán, ilé iṣẹ́ George P. Plant ní St. Louis sì gbé ìyẹ̀fun Gingham Girl jáde nínú irú àpò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òdòdó, èso, ẹyẹ àti ìlà aláràbarà tẹ̀ lé e. Orúkọ ilé iṣẹ́ kúrò lára aṣọ, ó bọ́ sórí bébà tí omi lè ṣí kúrò.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé lẹ́yìn 1929, tí owó ṣọ̀wọ́n lóko, àpò yìí di aṣọ gidi fún ilé ńlá àti ilé kékeré. Ó dé orí pé aṣọ tí ìyàwó fẹ́ ló ń yan irú oúnjẹ tí adìyẹ yóò jẹ. Àpò kan kì í tó kaba, nítorí náà ọkọ tó ń lọ sọ́jà a mú àjákù aṣọ lọ́wọ́ kó lè fi wá àpò tí iṣẹ́ ara wọn bára mu. Bí èyí tó ń wá bá wà nísàlẹ̀, ọmọ ọjà ni yóò gbé gbogbo òkè kúrò. Obìnrin tó bá ní méjì tó nílò ìkẹta a máa bá aládùúgbò ṣe pàṣípààrọ̀, àwọn mìíràn sì ń ta àpò òfìfo fún owó ọwọ́ wọn.

Àpò oúnjẹ ẹran tó gba pọ́ùn 100, bí wọ́n bá tú u, a máa fún ni ní aṣọ tó lé díẹ̀ ní yáàdì kan. Mẹ́ta ló ń lọ sí kaba àgbàlagbà, ọ̀kan tàbí méjì sì tó ọmọdé. Wọn kì í fi àlùmọ́gàjí gé e ṣí. Ojú rírán rẹ̀ so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n: bí a bá rí orí okùn tó tọ́ tí a fà á, gbogbo ẹ̀gbẹ́ á tú lẹ́ẹ̀kan, bí a bá fa ìdí rẹ̀, ńṣe ni yóò há. Okùn náà kì í di ìdọ̀tí. Wọ́n á ká a jọ, wọ́n á fi ìkọ́ hun etí aṣọ tàbí kí wọ́n fi so aṣọ ìbora. Bó bá jẹ́ àpò tí wọ́n tẹ yíǹkì sí lára, iṣẹ́ ṣì kù: wọ́n á fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí kẹrosíìnì pa á, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó fi ọṣẹ líle sè é nínú omi gbígbóná. Lẹ́tà tó bá kọ̀ tí kò lọ, abẹ́ aṣọ ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ sí. Sísè yìí tún ṣe oore mìíràn, torí òwú tó bá ti sún kì tán kò ní sún kì mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá rán an tán.

Ibi gígé ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù. Àpò kìn-ín-ní a di iwájú yẹ̀rì, èkejì a di ẹ̀yìn rẹ̀, ìkẹta ni ara òkè àti apá ti ń jáde. Ká ní aṣọ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínṣì 36, yíká yẹ̀rì á súnmọ́ ínṣì 72. Obìnrin tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ínṣì 40 ní àyè láti tẹ̀ba, láti gun àkàbà, láti jókòó ti màlúù kó fún wàrà. Wọ́n á fa aṣọ tó pọ̀ jọ ní ìbàdí, kò sì ní jẹ́ kó dùn ún ní inú. Kọ́là àti etí apá ni wọ́n sábà máa ń fi aṣọ mìíràn ṣe, torí pé àpò kẹta ti tán. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ẹwà ayé àtijọ́ lónìí, àìtó aṣọ ló bí púpọ̀ nínú rẹ̀, mo sì gbà pé ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wuyì.

Ní ti rírán, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n ń lò. Nígbà tí ìjọba dá àjọ iná mànàmáná ìgbèríko sílẹ̀ ní 1935, nǹkan bí oko kan nínú mẹ́wàá péré ló ní iná. Ayọ́nù náà, orí sítóòfù ni wọ́n ti ń gbóná. Aṣọ tó bá ní ìṣẹ́po púpọ̀ ń béèrè ìlọṣọ púpọ̀, nítorí náà kaba oko kì í ní ju dáàtì díẹ̀ (ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ po tí wọ́n rán an kó lè bá ara mu) àti aṣọ tí wọ́n fà jọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tí òfin Smith-Lever ti 1914, èyí tó gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ oko àti ti ilé lọ bá àwọn ará oko, mú wá sí ìgbèríko ń kọ́ àwọn obìnrin ní wíwọn ara, lílo pátánì bébà àti títún aṣọ ṣe. Àwọn tó ń ṣe àpò pẹ̀lú ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ya oríṣiríṣi kaba sí, kí obìnrin lè mọ̀ pé àpò òun ṣì wúlò.

Ẹ̀gbẹ́ kaba gbọ́dọ̀ le. Wọ́n á rán aṣọ méjèèjì pọ̀, wọ́n á gé etí ọ̀kan kúrú, wọ́n á ká èyí tó gùn bò ó, wọ́n á tún rán an mọ́lẹ̀, bí ẹ̀gbẹ́ jíǹsì. Kò sí etí tó lè tú, kò sì sí ibi tí koríko lè há sí. Ìṣẹ́tí kaba ọmọdé ni kí ó jìn, ínṣì mẹ́ta sí mẹ́rin, kí wọ́n lè tú u bí ọmọ bá ń ga. Bọ́tìnì iwájú sàn ju síípù ẹ̀yìn lọ fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn, bọ́tìnì àtijọ́ láti ara aṣọ tó ti gbó sì tó. Apá kúkúrú kò ní há mọ́ ẹ̀rọ, kò sì ní kan omi ẹ̀gbin.

Irú kan wà tí mo fẹ́ràn jù: Hooverette. Kò ní bọ́tìnì. Iwájú rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, ọ̀kan bo èkejì, okùn ló sì dì í mọ́ ìbàdí. Orúkọ rẹ̀ wá láti ìgbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní, nígbà tí Herbert Hoover ń darí àjọ oúnjẹ orílẹ̀-èdè láti 1917. Bí iwájú kan bá dọ̀tí, obìnrin á yí i sínú, á gbé èyí tó mọ́ síta, á sì lọ pàdé àlejò. Lórí kaba yòówù kó jẹ́, épúrọ́ọ̀nù ni wọ́n ń wọ̀ sí i, torí ó rọrùn láti fọ ju kaba lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹyin wálé.

Ẹni tó bá fẹ́ rán irú rẹ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé lónìí kò nílò àpò. Òwú gidi tó fẹ̀ tó ínṣì 44, yáàdì mẹ́ta àbọ̀, á tó fún ènìyàn tí kò sanra púpọ̀. Àǹkárá tó jẹ́ òwú náà bójú mu, àmọ́ kó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kó tó gé e. Polísítà kò dára fún un, kì í fa òógùn.

Bébà ló pa àpò aṣọ. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àpò bébà dínwó jù ú lọ, títí tí ti òwú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́jà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ọ̀kan lára àwọn tó kù wà ní National Museum of American History ní Washington, kaba tí obìnrin kan ní Caldwell, ìpínlẹ̀ Kansas, rán fún ìdíje ní 1959. Àwọn tó ń ra aṣọ àtijọ́ sì ń wo etí ìránpọ̀ kí wọ́n tó sanwó: bí ihò abẹ́rẹ́ ńlá bá tò ní ìlà kan lẹ́bàá etí, àpò ni wọ́n tú. Bí kò bá sí, ó lè jẹ́ aṣọ ìsọ̀ lásán, torí irú òdòdó kan náà ń jáde lórí aṣọ tí wọ́n ń tà ní yáàdì.