Gígé sípíríǹgì kì í mú ọkọ̀ rọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti Ṣágámù títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, ọgbà mẹkáníìkì tẹ́ ẹ bá wọ̀, tí iwájú píkọ́ọ̀pù àtijọ́ bá ga jù tàbí tó ń ta èèyàn sókè, ìdáhùn kan náà ni: "Ẹ jẹ́ ká gé sípíríǹgì ẹ̀ díẹ̀, á rẹlẹ̀, á sì rọ̀." Pé á rẹlẹ̀, ojú rí i. Pé á rọ̀ yìí ni mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Ẹ wo píkọ́ọ̀pù 504, ìran ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, tó ṣì ń ru pákó jáde ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Sípíríǹgì olórùka ló wà níwájú ẹ̀, ṣọ́ọ̀kì wà nínú ẹ̀. Bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́, irin náà ń lọ́ ni, gbogbo òrùka sì ń pín ìlọ́ náà láàárín ara wọn. Ká ní òrùka 8 ló ń ṣiṣẹ́, ẹ wá gé 1 kúrò: òrùka 7 ló kù láti jẹ ìyà tí 8 ń jẹ. Líle ẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 14 nínú 100 lé sí i. Ọparun gígùn máa ń tẹ̀; ẹ gé e sí méjì, kẹ́ ẹ tún gbìyànjú ẹ̀ wò.

Wọ́n á ní, "Ṣebí ti lágbájá rọ̀ lẹ́yìn tá a gé e." Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì lọ́jọ́ kan náà. Ṣọ́ọ̀kì tuntun ló ṣiṣẹ́, ayùn ló gba ìyìn. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n gé ti sún mọ́ rọ́bà tó ń dá a dúró nísàlẹ̀. Bí táyà bá já sí gálọ́ọ̀pù, rọ́bà yẹn ló ń lù gbàgà.

Àwọn tó ń fi iná gáàsì sun sípíríǹgì títí á fi pọ́n, tí á fi jókòó, tiwọn tún burú jù. Iná ti ba agbára irin jẹ́, ó lè máa wọlẹ̀ lọ tàbí kó kán.

Ọ̀pọ̀ Hilux àtijọ́ kò ní òrùka níwájú, ọ̀pá irin gbọọrọ tó ń lọ́ (torsion bar) ló ní. Wọ́n á ní tí ẹ bá tú bóòtù ẹ̀, á rọ̀. Gíga ni bóòtù ń yí. Bí ọ̀pá ṣe nípọn tó àti bó ṣe gùn tó ló ń sọ líle ẹ̀.

Mi ò sọ pé kò sí sípíríǹgì téèyàn lè gé o. Èyí tí ìdí ẹ̀ kàn ṣí sílẹ̀, tí wọn ò tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò sì ká wọnú, ààbọ̀ òrùka lè má pa á lára. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n dìídì ṣe ní kúkúrú ni mo fara mọ́ jù, bóyá nítorí pé ọkàn mi kì í balẹ̀ sí ayùn. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ṣe, ẹ lọ ṣe aláìmẹ́ǹtì lẹ́yìn ẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ inú táyà á jẹ tán.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ọ̀tì òkè ṣọ́ọ̀kì. Sípíríǹgì abẹ́ ẹ̀ ti fún pọ̀, ó lè pa èèyàn bó bá ta jáde. Kọ́mpírẹ́sọ̀ sípíríǹgì méjì (irinṣẹ́ tó ń fún un pọ̀, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́) tó kọjú síra ni wọ́n fi ń mú un, ọkọ̀ á sì wà lórí ìdúró irin, kì í ṣe jáàkì nìkan. Ẹni tó bá ní okùn wáyà lòun máa fi so ó, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.