Òfin Shortlet: Ilé Mi Ni, Kí Ló Dé Tí Mo Tún Ní Láti Gbàṣẹ?

Ẹni tó bá fẹ́ fi yàrá tàbí fúláàtì gba àlejò fún òru méjì, mẹ́ta, tàbí ọ̀sẹ̀ kan, kó sì gba owó lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní shortlet, kì í pẹ́ tó fi máa ń bá òfin pàdé. Ìlú kan á ní kò burú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní èèwọ̀ ni. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo fara balẹ̀ dáhùn wọn, nítorí kò yẹ kí olóòótọ́ ènìyàn san owó ìtanràn lórí òfin tí ẹnikẹ́ni kò là yé e.

Ilé tèmi ni, mi ò jẹ báńkì, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó lórí rẹ̀. Ta ló tún lè sọ pé n má gba àlejò sínú rẹ̀?

Ẹnikẹ́ni kò bá yín du ilé. Ohun tí ẹ ń fi ilé náà ṣe ni òfin ń wò. Ilé tí ìjọba fọwọ́ sí pé kí ènìyàn máa gbé, wọn kì í fẹ́ kó di ilé ìtura láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ sí i. Bí owó òru mẹ́wàá bá ju owó ilé oṣù kan lọ, onílé á yan àlejò dípò ayálégbé. Bí ọgọ́rùn-ún onílé bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò kan, ilé á wọ́n, owó ilé á sì fò sókè, àwọn nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á wá máa ti ọ̀nà jíjìn wá sí ibi iṣẹ́. Èyí ló mú kí Berlin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ náà ní 2016, pé ẹni tó bá fẹ́ fi odindi ilé gbígbé ṣe shortlet gbọ́dọ̀ gbàṣẹ.

Wọ́n ti gbé e lọ sílé ẹjọ́ rí. Ẹjọ́ kan tó ti Paris wá dé Ilé Ẹjọ́ Ìdájọ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ní oṣù kẹsàn-án 2020, àwọn adájọ́ sì sọ pé ìlú tí ilé gbígbé ti wọ́n lè ní kí onílé kọ́kọ́ gbàṣẹ, bí òfin náà bá ti ṣe kedere, tí kò sì kọjá ohun tí ìṣòro náà béèrè. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun onílé, pàápàá ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́lé. Síbẹ̀, ẹ̀yìn àwọn ìlú náà ni mo wà lórí èyí.

Kí ló wá dé tí òfin ìlú kan kì í jọ ti èkejì?

Nítorí pé ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ yàtọ̀. Bí ẹ bá ti mọ ohun tí ìlú tiyín ń ṣọ́, òfin rẹ̀ á yé yín kíá.

Àwọn kan ń ṣọ́ bí àlejò kọ̀ọ̀kan ṣe máa pẹ́ tó. Ní Singapore, ẹ ò lè fi ilé aládàáni háyà fún ìgbà tí kò tó oṣù mẹ́ta. Àlejò ọ̀sẹ̀ kan kò sí nínú ìṣirò wọn rárá. Àwọn mìíràn ń ka òru. London fún onílé ní òru 90 lọ́dún láti 2015. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá rẹ̀ ní láti lọ gbàṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bójú tó ìlò ilẹ̀ àti ilé. Amsterdam bẹ̀rẹ̀ láti òru 60, ó sì gé e sí 30 ní 2019. Ní Japan, òfin gbogbo orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2018 gba ọjọ́ 180 láyè, ṣùgbọ́n ó fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti dín in kù. Ẹni tó bá ka òfin orílẹ̀-èdè nìkan, tó sì fi ti ìlú sílẹ̀, ìdajì ló kà.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹni tó ń gbé inú ilé náà ni wọ́n ń ṣọ́. Ní New York, bí àlejò kò bá ní lò tó ọjọ́ 30, ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀, àwọn àlejò náà kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Ní British Columbia ní Kánádà, láti oṣù karùn-ún 2024, ilé tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbé gan-an ni wọ́n fàyè gbà fún un ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wọn, pẹ̀lú ilé kékeré kan tó bá wà lórí ilẹ̀ kan náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú ni pé òfin lè ṣọ́ ohun méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Ẹ wo Paris. Láti oṣù kìíní 2025, òru 90 ni wọ́n ń gbà láyè níbẹ̀. 120 ni tẹ́lẹ̀. Onílé á ka 90 yìí, inú rẹ̀ á dùn, kò ní rí i pé ilé tí ènìyàn ń gbé gẹ́gẹ́ bí ibùgbé rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó ní ilé kejì níbẹ̀ kò ní ìpín nínú òru 90 náà. Ó ní láti yí ìlò ilé náà padà lábẹ́ òfin, ìlú sì máa ń ní kó sọ ibi ìṣòwò kan di ilé gbígbé láti fi dí àyè èyí tó mú kúrò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín onílé méjì yìí pọ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ fúláàtì wọn lè kọjú síra.

Airbnb gba ilé mi wọlé, wọ́n sì ń sanwó fún mi. Ṣé ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó bófin mu?

Rárá o. Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí. Ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ilé sí kí àlejò lè rí i, yálà Airbnb ni tàbí Booking.com, ẹ̀yin ni wọ́n di ẹrù òfin ìlú rù nínú àdéhùn tí ẹ tẹ bọ́tìnnì gbà.

Òótọ́ ni pé àwọn ìjọba ti ń fa ìkànnì náà wọ inú ọ̀rọ̀. Láti 5 oṣù kẹsàn-án 2023 tí New York ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Local Law 18, ìkànnì kò gbọ́dọ̀ gba owó fún shortlet tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìlú. Òfin 2024/1028 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 oṣù karùn-ún 2026, ní kí ìkànnì fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ hàn níbi tí ìlú bá ti ń béèrè fún un, kí wọ́n sì máa fi iye òru tí wọ́n tà ránṣẹ́ sí ìjọba. Ṣùgbọ́n níní nọ́ńbà kò sọ pé ẹ ò tíì kọjá iye òru yín, kò sì sọ pé onílé tí ẹ háyà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ sí i.

Ẹ tún kíyè sí kíkà òru. Ní London, Airbnb máa ń ti kàlẹ́ńdà odindi ilé pa fúnra rẹ̀ bó bá pé òru 90. Ti orí Airbnb nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá ta òru 60 níbẹ̀, tí ẹ tún ta 50 lórí ìkànnì mìíràn, ẹ ti kọjá òfin, kò sì sí ẹni tó máa kì yín nílọ̀. Ẹ ní ìwé tiyín tí ẹ ń kọ ọ́ sí.

Ayálégbé ni mí. Ṣé mo lè ṣe é?

Láìgba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ onílé, ẹ má dán an wò. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló ka fífi ilé háyà fún ẹlòmíràn léèwọ̀, wọ́n sì lè torí rẹ̀ lé yín jáde. "Ó ti gbà lórí fóònù" kò tó.

Fúláàtì mi wà nínú ilé tí a pọ̀ sí. Kí ló kan àwọn aládùúgbò?

Ó kàn wọ́n gan-an. Àwọn ló ń gbọ́ ariwo báàgì lórí àtẹ̀gùn ní aago méjì òru, láti ẹnu wọn ni ẹjọ́ sì sábà máa ń dé etí ìjọba. Ní Spéìn, láti oṣù kẹrin 2025, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí nínú ilé alájọni gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún àwọn tó jọ ni ín. Níbi tí òfin kò tiẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ka ìlànà ẹgbẹ́ àwọn onílé yín. Ẹ sì pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín, torí ìnṣọ́ránsì ilé gbígbé lásán kì í sábà bo àlejò tó sanwó.

Owó orí ńkọ́?

Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan wà lórí èrè tí ẹ jẹ, èyí kan yín níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń gba owó orí lórí owó tó ń wọlé. Èkejì ni owó tí àwọn ìlú kan ń gbà lórí òru kọ̀ọ̀kan tí àlejò sùn. Ìkànnì máa ń bá ìlú mìíràn gba èyí, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún òmíràn, nítorí náà ẹ béèrè. Ẹ má rò pé ìjọba kò lè mọ̀: láti 2023, àwọn ìkànnì ní láti máa sọ iye tí onílé kọ̀ọ̀kan pa fún àwọn agbowó orí ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ibi tí ilé náà wà. Kì í ṣe ibi tí ẹ̀yin ń gbé. Ẹ kọ lẹ́tà tàbí ímeèlì, kí ẹ ṣàlàyé irú ilé náà gan-an: ṣé inú rẹ̀ lẹ ń sùn, ṣé yàrá kan ni tàbí gbogbo rẹ̀, òru mélòó lẹ ń gbèrò. Ẹ ní kí wọ́n sọ orúkọ òfin náà fún yín, àti ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tọ́jú èsì wọn. Ohun tí ẹ bá kà níbòmíràn, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, nítorí títí di òní ni ojú ìwé tó ń pe òru Paris ní 120 ṣì wà káàkiri. Ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ nípa ààbò. Ní Scotland, tó ti ní kí gbogbo shortlet ní láísẹ́nsì, wọn kì í fúnni láìsí ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá yọ, àti ìwé àyẹ̀wò gáàsì bí ilé náà bá ń lo gáàsì. Mo fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Ẹni tí kò mọ ojú ilé náà ló ń sùn níbẹ̀.

Bí mo bá ti gba láísẹ́nsì, ṣé ó parí?

Láísẹ́nsì ní ọjọ́ tó máa tán, ìjọba sì lè yí èrò padà. Ní oṣù kẹfà 2024, olórí ìlú Barcelona kéde pé bí oṣù kọkànlá 2028 bá fi máa dé, láísẹ́nsì fúláàtì àwọn arìnrìn-àjò níbẹ̀, tó lé ní 10,000, kò ní sí mọ́. Àwọn tó ní in lọ́wọ́ kò rú òfin kankan. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yá owó báńkì ra ilé fún shortlet, ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ayálégbé olóṣù ló máa gbé e. Bí owó ìyẹn kò bá ká ẹ̀yáwó náà, ẹ má tíì rà á.