Àmì iwájú ọkọ̀ kọ́ ni kí ẹ máa wò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé Lexus wá sọ́dọ̀ àwa mẹkáníìkì kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Toyota létí. Bí mo bá ní páàtì Camry máa wọ ibẹ̀ wẹ́kú, wọn á máa wò mí bíi pé mo fẹ́ rẹ́ wọn jẹ. Toyota ló dá Lexus sílẹ̀ ní 1989, òun ló sì ni ín títí di òní. Ẹ ṣí bọnẹ́ẹ̀tì Lexus ES 350 ọdún 2008, kí ẹ yọ ike tí wọ́n fi bo orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kúrò. Ẹ́ńjìnnì Toyota tó ń jẹ́ 2GR-FE ni ẹ óò bá níbẹ̀, lítà 3.5, onípisítìnì mẹ́fà. Òun náà ló wà nínú Camry V6 ìgbà yẹn, nínú Avalon, Sienna, Highlander àti Lexus RX 350.

Nítorí náà, àìsàn tó bá ṣe ọ̀kan nínú wọn lè ṣe ìyókù. Àwọn 2GR-FE àkọ́kọ́ ní páìpù tín-ín-rín kan tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbi VVT-i, ìyẹn ohun tó ń darí àkókò tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí, rọ́bà sì ni apá kan rẹ̀. Bó bá gbó, á bẹ́, ọ́ìlì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà tán kí awakọ̀ tó fura. Onírin ni Toyota fi rọ́pò rẹ̀ nígbà tó yá. Ẹni tó ra RX, tí kò mọ̀ pé iyèkan Highlander ni, lè gbọ́ ìkìlọ̀ nípa Highlander kó rò pé kò kan òun.

Agbo ilé Volkswagen tún fẹ̀ jùyẹn lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni Audi, Škoda, SEAT, Bentley, Lamborghini àti Porsche wà. Ẹ tú páàtì kan lára Audi A3 àtijọ́, kí ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i. Bó bá fi 1K0 bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé Volkswagen Golf ìran karùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ẹ sì lè bá nọ́ńbà kan náà lára Škoda Octavia. Nọ́ńbà yẹn ni èmi ń gbà gbọ́, kì í ṣe orúkọ ara páálí. Nígbà tí àṣírí tú ní 2015 pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wọn ń fi ọgbọ́n kọ̀ǹpútà yí àyẹ̀wò èéfín, ọkọ̀ tó ń jẹ́ Volkswagen nìkan kọ́ ló kó sínú ẹjọ́. Audi, Škoda àti SEAT wà níbẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ káàkiri ayé.

Lamborghini Urus, Bentley Bentayga, Porsche Cayenne àti Audi Q7, ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n kọ́ wọn lé. Mi ò sọ pé Q7 ni Urus o! Ṣùgbọ́n Ducati tó ń ṣe alùpùpù náà wà lábẹ́ Audi láti 2012, kò sì sí ohun tí Golf fẹ́ yá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọbàkan lásán nìyẹn.

Àwọn kan wà tó jẹ́ àna ni wọ́n. Renault àti Nissan ti ń ṣe pọ̀ láti 1999, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó ni èkejì tán. Èyí tó máa ń ya àwọn oníbàárà lẹ́nu jù ni Toyota Supra tó jáde ní 2019: ẹ́ńjìnnì BMW ló wà nínú rẹ̀, òun àti BMW Z4 ni wọ́n jọ ṣe. Toyota kò ni BMW, BMW kò ni Toyota, àmọ́ bí Supra yẹn bá dákú, páàtì BMW là ń wá. Ti Volvo wá yí padà: Geely ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà ló ni ọkọ̀ kékeré láti 2010, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe tírélà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Kí ẹ tó ra páàtì, ẹ béèrè orúkọ ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà tó wà lára páàtì tó bàjẹ́, kí ẹ fi méjèèjì wéra. Gíláàsì, iná iwájú àti bọ́dì kì í sábà bára mu, kódà láàárín iyèkan. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ ṣọ́ jù. Bí ẹ bá yọ ti Camry sínú ES torí pé ẹ́ńjìnnì wọn jọra, kò ní í dá kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀, ọkọ̀ náà ò sì ní í sítáàtì.