TRICARE ní Texas: ibi tí bíìlì ti ń wá bá ìdílé sójà

Ìdílé sójà tó ń gba bíìlì ọsibítù ní Texas kì í sábà jẹ́ ẹni tí kò ní adójútòfò ìlera. Ó ní i. TRICARE ni wọ́n ń pè é, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ń gbé ẹrù rẹ̀, ìyàwó tàbí ọkọ sójà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kíkún àtàwọn ọmọ wọn kì í sì í san owó oṣooṣù kankan. Ìwé ni wàhálà: orúkọ tí kò sí nínú DEERS, àdírẹ́sì àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò yí padà, dókítà tí wọ́n lọ rí láìgba àṣẹ.

DEERS ni ìwé orúkọ gbogbo ẹbí ológun. Bí orúkọ yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ kò sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin àti sójà náà jọ ń sùn lórí ibùsùn kan. Sójà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ yín sí i ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe káàdì ID, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù DD 1172-2, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí, káàdì Social Security àti pásípọ́ọ̀tù. Ojúlówó ìwé ni kí ẹ mú lọ, tàbí ẹ̀dà tí ìjọba lu òǹtẹ̀ sí. Fọ́tò ìdána, bó ti wù kó pọ̀ tó, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ìyàwó kan ṣoṣo ni wọ́n sì mọ̀.

Orúkọ ló ń da nǹkan rú jù láàárín àwa Yorùbá. Ìwé ìgbéyàwó pè é ní Oluwaseun Abosede, pásípọ́ọ̀tù kọ Seun, káàdì Social Security fi Abosede ṣáájú. Ohun tí akọ̀wé bá rí ló máa tẹ̀. Lóṣù kẹta, ilé oògùn yóò ní àwọn kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún orúkọ ṣe lórí ìwé kí ẹ tó dé ọ́fíìsì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń tọ́ bí ọmọ yín ńkọ́? TRICARE kò mọ̀ ọ́n, àfi bí ilé ẹjọ́ bá ti fi ọmọ náà sábẹ́ àbójútó sójà fún oṣù méjìlá ó kéré tán, tí sójà náà sì ń gbọ́ ju ìdajì bùkátà rẹ̀ lọ. Màmá tó wá láti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ kò sí lábẹ́ rẹ̀ rárá. Kódà òbí tí àwọn ológun ti gbà pé sójà ló ń bọ́, ọsibítù ológun nìkan ló ti lè rí ìtọ́jú, bí àyè bá wà. TRICARE kò ní san owó ọsibítù aráàlú fún un. Ẹ ra adójútòfò arìnrìn-àjò fún Màmá kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ọmọ tuntun ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ (90) láti wọ DEERS. Ẹ má dúró de nọ́ńbà Social Security rẹ̀, ó lè tẹ̀ lé e. Ẹ má sì dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kí ẹ tó fẹnu kò lórí orúkọ tí yóò wà lórí ìwé ìbí, torí ọsibítù máa ń béèrè kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ó wá kan irú ètò tí ẹ máa yàn. Láti January 1, 2025 ni gbogbo Texas ti bọ́ sí ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti TRICARE, ilé iṣẹ́ TriWest ló ń bójú tó o. Ìmọ̀ràn àtijọ́ tó bá ní kí ẹ pe Humana Military, ẹ jù ú nù. Ẹni tó ń gbé nítòsí Killeen ní ọsibítù Carl R. Darnall ní Fort Hood (àgọ́ tó jẹ́ Fort Cavazos láti 2023 sí 2025, kí orúkọ méjèèjì má dà yín lójú rú lórí ìwé). San Antonio ní Brooke Army Medical Center, El Paso ní William Beaumont. Ní àwọn ìlú wọ̀nyí, ètò tí wọ́n ń pè ní Prime ló bọ́gbọ́n mu jù fún ìdílé tó ní ọmọ kéékèèké: dókítà kan ni tiyín, ẹ kì í sì í san nǹkan lọ́dọ̀ dókítà bí ẹ bá tẹ̀ lé ìlànà.

Houston, tí àwọn ará wa pọ̀ sí, kò ní ọsibítù ológun. Ibẹ̀ ni US Family Health Plan, ètò TRICARE mìíràn tí ilé iṣẹ́ ìlera CHRISTUS ń bójú tó, wà. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ kò lè lo ọsibítù tàbí ilé oògùn ológun mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa yan dókítà fúnra rẹ̀ yóò mú ètò Select, yóò sì máa dá díẹ̀ san nígbà tó bá lọ. Àsìkò láti yí ètò padà ni oṣù November wọ December, tàbí láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìbímọ tàbí ìṣípòpadà.

Àṣẹ dókítà, tí wọ́n ń pè ní referral, ni Prime fi ń mú èèyàn. Ká ní awọ ara ọmọ ń yún un, ẹ sì gbé e lọ tààrà sọ́dọ̀ dókítà awọ. Iye tí TRICARE fọwọ́ sí jẹ́ $500. Ẹ̀yin ni ẹ máa kọ́kọ́ san $300, lẹ́yìn náà ìdajì $200 tó kù: $400 lápapọ̀. Bí dókítà yín bá ti kọ referral ni, òdo. Ẹ ka ìwé náà dáadáa, torí orúkọ dókítà, iye ìgbà tí ẹ lè lọ àti ọjọ́ tí yóò kásẹ̀ wà lórí rẹ̀. Pàjáwìrì kò nílò àṣẹ, urgent care (ìtọ́jú kíákíá fún àìsàn tí kì í ṣe pàjáwìrì) náà kò nílò rẹ̀ fún ẹbí sójà. Bí ọmọ bá ń gbóná lóru tí ẹ kò mọ èyí tó yẹ, ẹ pe 1-800-874-2273, kí ẹ yan 1. Nọ́ọ̀sì ni yóò gbé e.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ fi orúkọ ọmọ náà sí EFMP, ètò àwọn ológun fún ẹbí tó nílò ìtọ́jú àkànṣe, kíá, kí wọ́n má baà gbé sójà lọ síbi tí kò sí dókítà ẹ̀jẹ̀. Láìsí EFMP, ECHO, tó jẹ́ ìrànlọ́wọ́ àkànṣe fún ọmọ tí àìlera rẹ̀ bá le, kò ní ṣí sílẹ̀ fún yín.

Sójà rìsáàfù tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yóò ra TRICARE Reserve Select ni. Ní 2025, $274.48 lóṣù ni fún òun àti ìdílé. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí FEHB (adójútòfò ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀) kò lè rà á títí di 2030. Bí wọ́n bá pè é sẹ́nu iṣẹ́ fún ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, ìdílé rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí Prime tàbí Select.

Bí ibi iṣẹ́ ìyàwó bá fún un ní adójútòfò mìíràn, ìyẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sanwó, TRICARE á tẹ̀ lé e. Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún ẹni tí owó kò tó, yàtọ̀ ní tirẹ̀, ẹ̀yìn TRICARE lòun ń bọ̀. Eyín wà lọ́tọ̀, ẹ ní láti forúkọ sílẹ̀ fún un kí ẹ sì máa san owó rẹ̀.

Nígbà tí ìwé bá dé láti ọsibítù, ẹ má tíì sanwó. Ẹ dúró de Explanation of Benefits, ìwé tó ń ṣàlàyé ohun tí TRICARE san àti ohun tó kù sí yín lọ́rùn, kí ẹ wo iye tó ní ẹ jẹ. Bí iye tí ọsibítù kọ bá ju ìyẹn lọ, ẹ pe ọ́fíìsì owó wọn, kí ẹ ka nọ́ńbà claim (ìbéèrè owó tí ọsibítù fi ránṣẹ́ sí TRICARE) tó wà lórí Explanation of Benefits náà fún wọn. Bí TRICARE bá kọ̀ láti sanwó, 90 ọjọ́ lẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà ni kí ẹ sì fi bẹ̀rẹ̀ sí kà.