Kíka Pẹ́pẹ́yẹ Igbó ní Àríwá Amẹ́ríkà

Kíka pẹ́pẹ́yẹ igbó jẹ́ iṣẹ́ ọdọọdún tí ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Kánádà jọ ń ṣe láti mọ iye ẹyẹ omi tó wà, kí wọ́n lè sọ iye tí ọdẹ kọ̀ọ̀kan lè pa. Láti 1955 ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́nà kan náà, lórí ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 2 máìlì níbùú lóròó. Bàálù ìjọba ló ń ka ẹyẹ, ṣùgbọ́n láìsí ọdẹ, ìdajì iṣẹ́ náà kò ní ṣeé ṣe: òun ló ń san púpọ̀ nínú owó ààbò ẹyẹ wọ̀nyí, òun náà ló sì ń fi òrùka ẹsẹ̀ ẹyẹ tó pa àti apá tí ẹyẹ náà fi ń fò jíṣẹ́ fún àwọn onímọ̀.

Ìtàn

Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọdẹ a-pa-tà ń kó ẹyẹ omi lọ sọ́jà àwọn ìlú ńlá láìsí òdiwọ̀n. Àdéhùn tí Amẹ́ríkà bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣojú Kánádà, ṣe ní 1916 àti òfin tó tẹ̀ lé e ní 1918 ló fòpin sí òwò náà. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dá àwọn ọdún 1930 dé. Omi gbẹ, ìjì eruku bo oko, pẹ́pẹ́yẹ kò sì rí ibi tẹ́ ìtẹ́ mọ́. Ní 1934, òfin Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí gbogbo ọdẹ ẹyẹ omi tó ti pé ọmọ ọdún 16 máa ra sítáǹpù kan lọ́dọọdún kí ó tó lọ sóko ọdẹ. J. N. Darling, ayàwòrán ìwé ìròyìn, ló ya ti àkọ́kọ́. Dọ́là 1 ni wọ́n ń tà á nígbà náà. $25 ni báyìí, sẹ́ǹtì 98 nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan ló sì ń lọ sórí ríra àbàtà tàbí dídáàbò bò ó. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 6 éékà ilẹ̀ tí owó yìí ti gbà là. Ní 1937, wọ́n tún fi owó orí ìbọn àti ọta kún un fún ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́.

Kòtò omi orí ọ̀dàn

Ibi tí pẹ́pẹ́yẹ ti ń pamọ jù lọ ni ọ̀dàn tó na láti Alberta, Saskatchewan àti Manitoba wọ inú North Dakota, South Dakota, Montana, Minnesota àti Iowa. Nígbà tí òkìtì yìnyín ayé àtijọ́ yọ́ níbẹ̀, ó fi àìmọye kòtò sílẹ̀, òjò dídì tó ń yọ́ ló sì ń kún wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò ju àgbàlá ilé kan lọ. Kékeré wọn gan-an ló ṣe wọ́n lóore: omi wọn tètè ń lọ́wọ́ọ́wọ́, kòkòrò tí abo nílò kó tó lè yé ẹyin sì ń pọ̀ nínú wọn. Tọkọtaya pẹ́pẹ́yẹ kan kì í fẹ́ kí òmíràn wà nítòsí, nítorí náà ọgọ́rùn-ún kòtò kéékèèké sàn fún wọn ju adágún ńlá kan lọ. Àwọn àgbẹ̀ ti fa omi ọ̀pọ̀ kòtò wọ̀nyí gbẹ láti fi gbin ọkà. Ní Iowa, díẹ̀ péré ló kù.

Kíkà láti òfuurufú

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, bàálù kéékèèké máa ń gbéra láti gúúsù, wọ́n á sì tẹ̀ lé yíyọ́ yìnyín lọ títí dé Alaska. Atukọ̀ bàálù fúnra rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ ẹyẹ. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ á máa fò ní nǹkan bí 150 ẹsẹ̀ bàtà sókè, lórí ìlà tí wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá, oníkálukú á sì máa ka ẹyẹ tó bá wà láàárín 200 mítà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ eléwu ni, àwọn kan sì ti kú lẹ́nu kíka ẹyẹ omi láti inú bàálù.

Bí wọ́n bá rí akọ mallard, irú pẹ́pẹ́yẹ igbó kan, tó dá wà lójú omi, méjì ni wọ́n ń kà á sí, torí abo rẹ̀ ti lọ sàba nínú koríko. Ojú kò lè rí gbogbo ẹyẹ láti òkè, nítorí náà ẹgbẹ́ mìíràn á fẹsẹ̀ rìn yí àwọn kòtò kan ká láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á tún ẹyẹ ibẹ̀ kà, wọ́n á sì fi ìyàtọ̀ iye méjèèjì ṣe àtúnṣe sí ti bàálù. Wọ́n tún ń ka kòtò tó ní omi, torí ọdún tí omi bá pọ̀ ni ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ń pọ̀. Iye gbogbo pẹ́pẹ́yẹ jẹ́ mílíọ̀nù 49.5 ní 2015. Ní 2023 ó jẹ́ mílíọ̀nù 32.3. Àrùn kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n kà wọ́n ní 2020 àti 2021.

Òrùka àti apá

Láti 1920 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ti ń ṣètò òrùka ẹsẹ̀ ẹyẹ tó ní nọ́ńbà. Ọdẹ tó bá pa ẹyẹ olórùka á fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́, wọ́n á sì sọ ibi àti ọjọ́ tí wọ́n fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀ fún un. Nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni Frederick Lincoln, onímọ̀ ẹyẹ kan, ti rí i pé ojú ọ̀nà mẹ́rin ni ẹyẹ wọ̀nyí ń gbà lọ sí gúúsù, àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń tẹ̀ lé láti 1948 nígbà tí wọ́n bá ń ṣe òfin ọdẹ. Òun náà ló fi òrùka ṣírò iye ẹyẹ ní 1930. Ká sọ pé 1,000 ẹyẹ ló gba òrùka, tí àwọn ọdẹ sì pa 100 nínú wọn: a jẹ́ pé ọdẹ pa ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí gbogbo ẹyẹ tí wọ́n pa lọ́dún náà bá jẹ́ mílíọ̀nù 1, ẹyẹ tó wà kò ní jìnnà sí mílíọ̀nù 10. Ìṣirò yìí dá lórí òótọ́ ọdẹ. Ẹni tó bá kàn so òrùka mọ́ okùn fèrè tó fi ń pe pẹ́pẹ́yẹ, tí kò sì jíṣẹ́ rẹ̀, ti ba ìṣirò jẹ́.

Àwọn ọdẹ kan tún máa ń gé ọ̀kan nínú apá méjì tí pẹ́pẹ́yẹ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pa fi ń fò, wọ́n á fi í sínú àpòòwé, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́. Nígbà tí àsìkò ọdẹ bá parí, àwọn onímọ̀ á pàdé, wọ́n á to apá wọ̀nyí sórí tábìlì, wọ́n á sì wo ìyẹ́ láti mọ irú ẹyẹ tó jẹ́, bóyá akọ ni tàbí abo, àti bóyá ọmọ ọdún náà ni. Bí apá ọmọ bá pọ̀ ju ti àgbà lọ dáadáa, ẹyin pa dáadáa nìyẹn.

Òfin ọdẹ

Láti 1995, iye mallard àti iye kòtò olómi ló ń pinnu bí àsìkò ọdẹ yóò ṣe gùn tó ní apá púpọ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti 1991 sì ni wọ́n ti fòfin de ọta òjé fún pípa ẹyẹ omi: pẹ́pẹ́yẹ máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì kí iwe rẹ̀ lè lọ oúnjẹ, ó sì ń gbé òjé tó bọ́ sínú ẹrẹ̀ mì pẹ̀lú rẹ̀, òjé náà á sì pa á.

Pintail, pẹ́pẹ́yẹ onírù ṣóńṣó, ló ń kọ àwọn onímọ̀ lóminú jù. Nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ni wọ́n kà ní 1956; ní 2022, mílíọ̀nù 1.8 ni. Àárín pòròpórò oko tí wọ́n ti kórè ló máa ń tẹ́ ìtẹ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, katakata á sì wá tú ilẹ̀ náà bo ẹyin mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí lórí òrùka àti apá fi hàn pé ọdẹ kọ́ ló fa àdínkù náà, àti pé ó lè pa díẹ̀ sí i láìṣe ẹyẹ náà ní jàǹbá. Láti àsìkò ọdẹ 2025 sí 2026, wọ́n gba ọdẹ láyè láti pa mẹ́ta lójúmọ́.

Irú pintail yìí kan náà ń ti Yúróòpù wá lo ìgbà òtútù ní àbàtà Hadejia àti Nguru ní àríwá Nàìjíríà. Ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ń ka ẹyẹ omi nínú oṣù Kìíní lábẹ́ ètò àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Kò sí sítáǹpù ọdẹ tó ń gbọ́ bùkátà iṣẹ́ náà níbẹ̀, odò tó ń bọ́ àbàtà náà sì ti ń fi omi sílẹ̀ lẹ́yìn ìdídò Tiga láti àwọn ọdún 1970.