Inú Ọkọ̀ Ni Oògùn Èébì Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ti Ṣẹ̀ Wá

Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí ni yóò sọ fún yín pé èébì tó gbé wọn nígbà tí wọ́n lajú burú ju ojú ọgbẹ́ lọ. Ta ló kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí i? Àwọn kan á ní àwọn ará Faransé ni, nítorí chlorpromazine, oògùn tí ilé iṣẹ́ Rhône-Poulenc ṣe ní 1950. Oògùn ńlá ni, ṣùgbọ́n 1950 ti pẹ́ jù láti jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. John Snow ni tèmi.

Snow, ọmọ bíbí ìlú York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, làwọn èèyàn mọ̀ mọ́ kọ́lẹ́rà tó tọpa rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ omi Broad Street ní London ní 1854. Àmọ́ iṣẹ́ tó ń jẹ gan-an ni fífúnni ní oògùn oorun. Ní October 1846 ni William Morton, oníṣègùn eyín, fi éétà mú aláìsàn sùn níwájú àwùjọ ní Boston; nígbà tó fi máa di 1848, Snow ti ń kọ̀wé nípa èébì. Ó ní ẹni tó bá jẹun láìpẹ́ sí àkókò iṣẹ́ abẹ á bì, àti pé bí aláìsàn bá tètè kúrò lójú kan, èébì dé nìyẹn. Wáìnì àti ópíọ̀mù ló ní kí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ópíọ̀mù fúnra rẹ̀ a máa múni bì, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà nìyẹn. Ojú lásán ló fi rí ọ̀rọ̀ ìrìn yẹn, ibẹ̀ ni mo sì gbà pé gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Ẹ wo orúkọ àìsàn náà. Nausea tí àwọn dókítà ń pè é, inú naus ti àwọn ará Gíríìkì ló ti jáde, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi. Yorùbá ní èébì ń gbé mi: gbé, bí ìgbà tí odò ń gbé èèyàn lọ. Mo fura pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Ó sì ṣeé ṣe kí àwọn oníṣẹ́ abẹ àtijọ́, tó jẹ́ pé ọtí ni wọ́n ń fi pa iyè èèyàn, ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí wọ́n fi ẹṣin gbé kúrò lójú ogun ń bì ju ẹni tí wọ́n jẹ́ kó sinmi.

Lẹ́yìn Snow, ọ̀nà dàrú. Ní 1912, òróró ólífì ni Robert Ferguson ń fún àwọn tó gba éétà mu.

Ọkọ̀ ló tún ṣí ilẹ̀kùn. Ní 1947, obìnrin kan wá gba oògùn ara yíyún ní Johns Hopkins, ní Baltimore. Tipẹ́tipẹ́ ni ọkọ̀ tó ń rìn lórí irin láàárín ìlú ti máa ń mú un bì; nígbà tó lo oògùn náà, kò bì mọ́. Dimenhydrinate ni. Wọ́n dán an wò lára àwọn sójà tó ń fi ọkọ̀ ojú omi General Ballou lọ sí Jámánì, ó ṣiṣẹ́, ó sì bá ọ̀nà yẹn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Àwọn oògùn èébì tó kù ò gba àlàyé púpọ̀: droperidol ti Janssen ní Belgium, metoclopramide, lẹ́yìn náà ondansetron ti Glaxo, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1991. Lónìí, wọ́n sábà máa ń fún aláìsàn ní dexamethasone bí oorun bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kí ondansetron tó tẹ̀ lé e nígbà tí iṣẹ́ bá ń parí.

Ní 1999, Christian Apfel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to ohun mẹ́rin tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí yóò bì: obìnrin ni, kì í mu sìgá, wọ́n á fún un ní oògùn ìrora irú ti ópíọ̀mù, ó ti bì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ rí tàbí kí ọkọ̀ máa mú un bì. Ẹni tí kò ní ìkankan, bíi 10 nínú 100 irú wọn ló ń bì. Ẹni tó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bíi 80. Ọkọ̀ tí Snow ò dárúkọ ṣì wà níbẹ̀.